Orúkọ Tí Àmọ̀kẹ́ Kò Gbọdọ̀ Pè

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni Àmọ̀kẹ́ fi ń dá gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè lóhùn ní Ṣakí lọ́dún 1978, nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ sísè nílé-ẹ̀kọ́ girama, tó ní Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà lòun ń lọ gbé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Níbẹ̀ ni Fàtímọ̀ wà nílé ọkọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un.

Sàrátù, aládùúgbò rẹ̀, kò fara mọ́ ọn.

"Ìyá Fàtímọ̀, ẹ wò ó, àwọn ará Gánà fúnra wọn ń sá bọ̀ níbí nítorí ọ̀wọ́n ọṣẹ àti ṣúgà. Ẹ̀yin ní ibẹ̀ lẹ ń lọ. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà!"

"Èmi ò bá ẹ̀wà lọ. Ọmọ mi ni mò ń bá lọ."

"Ẹ ó mà rù o."

"Kí n rù lójú ọmọ mi sàn ju kí n sanra lójú ìwọ Sàrátù lọ."

Sàrátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní Tàmálè. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lòun àti ọkọ rẹ̀ fi ta aṣọ níbẹ̀, kí ìjọba Gánà tó ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn, lọ́dún 1969. Wọ́n di ẹrù wálé. Ọdún kejì, ọkọ rẹ̀ dágbére fáyé. Fàtímọ̀ ò bá wọn bọ̀ nítorí ọmọ ìlú ló fẹ́ ẹ. Àbúrò ọkọ Àmọ̀kẹ́ náà ò bọ̀, nítorí òun níwèé, ó sì ti kọ́lé síbẹ̀.

Mọ́nsúrù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àmọ̀kẹ́ tó ń ṣe tíṣà, ló bá a kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ ìgbélùú fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Onílé kan gbọ́dọ̀ dúró fún un ní Tàmálè. Fàtímọ̀ àti ọkọ rẹ̀ ń háyà yàrá ni, nítorí náà àbúrò ọkọ Àmọ̀kẹ́ ló kọ lẹ́tà.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣòwò kankan níbẹ̀ o."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Òwò ni."

"Bí mo bá gbé díẹ̀ síwájú ilé, tí ẹnikẹ́ni ò rà á ńkọ́?"

"Ẹ̀yin Màmá!"

"Ó dáa. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò ní ṣòwò." Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pè é sí Èkó, sí ọ́fíìsì aṣojú Gánà. Mọ́nsúrù sìn ín lọ. Ará àríwá Gánà ni ọ̀gá tó dá wọn lóhùn, ó gbọ́ Haúsá, Àmọ̀kẹ́ náà sì gbọ́ ọ bí ẹní gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí ọ̀gá da lẹ́tà náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Àmọ̀kẹ́ dákẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un relé ọkọ, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé gbogbo ọmọ tó bá bá nílé náà, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbúrò ọkọ yìí nígbà náà, ó ga, ó tín-ín-rín, Àmọ̀kẹ́ sì sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Orúkọ tó ń pè é títí dòní nìyẹn.

"Agùntáṣọọ́lò ni mo ń pè é," ló wí.

"Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé."

Ló bá ki oríkì ilé ọkọ rẹ̀ fún ọ̀gá náà: "Ọmọ a-fọkà-bàbà-ṣàlejò, ọmọ oníṣu tó ta lórí àpáta, ọmọ ẹkùn tí kì í jẹ ẹran ìkáàsì..." Yorùbá ni, kò sì yé ọ̀gá. Mọ́nsúrù yanu láti dá sí i. Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè.

"Ìwọ kọ́ lò ń rìnrìn-àjò." Ó yíjú sí Àmọ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ní àṣà yín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin mẹ́ta ló gbé lẹ́tà ọkùnrin tí wọn ò rí rí wá. Àwọn náà dákẹ́ báyìí. Kí ni n ó fi dá yín mọ̀ yàtọ̀? Ẹ padà wá lẹ́yìn ìrun Àìlà. Bí ẹ ò bá pè é, n ó dá fọ́ọ̀mù padà ni."

Wọ́n jáde sábẹ́ igi.

"Màmá, ta ni yóò gbọ́? Àtibí dé Tàmálè!"

"Ẹnu mi yóò gbọ́."

Ó ṣàlùwàlá, ó kírun, ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀nà mìíràn han òun. Kò rí òmíràn. Nígbà tó sálámà tán, ó dìde, ó yíjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí ọ̀nà Gánà, ó sì kúnlẹ̀. Mọ́nsúrù rò pé ìrun ló tún ń kí.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọmọ ló fà á."

Ó wọlé padà, ó tún kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Ọ̀gá fò dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!"

"Ràsáàkì Ládòkun," ni Àmọ̀kẹ́ wí, ó sì fi ìborùn bo ẹnu.

Ọ̀gá ṣí lẹ́tà, ó wò ó, ó lu òǹtẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fàtímọ̀ àti àbúrò ọkọ pàdé Àmọ̀kẹ́ ní gáréèjì Tàmálè. Fàtímọ̀ dì mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n túra sílẹ̀, Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, kò sì dìde.

"Mo ti pè yín lórúkọ ní Èkó."

Ọkùnrin náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wò ó títí. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Títí kan ti bàbá."

"Ìyàwó, adìẹ funfun kan ni ìtanràn rẹ."

"Ẹ ó gbà á."

"Tàbí kí o tún un pè, kí n má gba nǹkan kan." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Alhájì ni gbogbo ayé ń pè mí níbí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, n ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ará ilé wa mọ́."

Àmọ̀kẹ́ rò ó. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹrù.

"Agùntáṣọọ́lò, adìẹ méjì ni n ó san. Ẹ jẹ́ ká máa lọlé."