Òrùlé Ìyá Mwila

"Ẹ rọra o, Bàbá Chola, kó má fọ́! Ẹ ò rí i pé ọrẹ ńlá ni?"

Ìyá Mwila na ọwọ́ méjèèjì gba páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń já a nínú ọkọ̀. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Eruku funfun dà sí i lápá, ó fi etí aṣọ nù ún. N ò lè wò ó lójú, nítorí mo mọ ibi tí páànù yẹn ti wá.

Ilé ọ́fíìsì gíga tó wà láàárín ìlú Ndola, èyí tí wọ́n kọ́ lásìkò òmìnira, là ń tún ṣe. Gbajúmọ̀ ilé ni. Àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ń ti òkè òkun wá ya fọ́tò àwọn pátákó kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí oòrùn lójú fèrèsé rẹ̀, èmi ni mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára wọn. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi páànù abẹ́ fèrèsé nìkan. Ìyẹn ò gbọdọ̀ padà, torí ikú ló wà nínú rẹ̀.

Ta ni kò mọ̀? Bàbá Mwila, ọ̀rẹ́ mi, ló ń tọ́jú ilé náà láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Òun ló ń fi ayùn rẹ́ páànù yẹn, òun ló ń lu ihò sí i lára fún wáyà àti páìpù. Nígbà tó yá, ikọ́ wọ̀ ọ́ lára. Dókítà là á mọ́lẹ̀ pé eruku páànù ló ti ta gbòǹgbò sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A sin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Omi ojú opó ò tíì gbẹ tí àwọn ẹbí ọkọ fi gbé ọkọ̀ dé. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé rédíò, wọ́n tún gun orí ilé, wọ́n ṣí páànù ibẹ̀ lọ. "Owó ẹ̀gbọ́n wa ló rà á," ni wọ́n wí. Òfin lòdì sí i, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí opó lọ bá ti gba tọwọ́ wọn. Abẹ́ ọ̀rá dúdú ni òun àtàwọn ọmọ ń sùn.

Ẹ wá gbọ́ ìwà ìkà. Ó yẹ kí agbaṣẹ́ṣe wa, Ọ̀gá Mulundika, fi ọ̀rá wé páànù burúkú yẹn, kó rì í mọ́lẹ̀ jinjin níbi tí ìjọba yàn. Wọ́n ti sanwó rẹ̀ fún un. Ó bu díẹ̀ fún aṣàyẹ̀wò ìjọba, ìyẹn sì fọwọ́ sí i pé òun rí kòtò. Orí tálákà ló wá di kòtò. Ọ̀gá ní kí n fi ọkọ̀ kó o lọ fún opó, ó ránṣẹ́ pè é, ó dúró tì í, wọ́n ya fọ́tò. "Ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ wa fún ẹbí olóògbé rèé." Òun fúnra rẹ̀ wọ ìbòmú.

"Ìyá Mwila," mo ní, "ẹ jẹ́ ká dá ẹrù yìí padà. Òun ló pa ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Ta ló ń gbọn aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́?"

"Kí lẹ wá ń gbà á sí?"

Ó nàka sínú ilé. Mwila dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó tutù, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Òjò àná ló sọ ọ́ dà báyìí. Páànù yìí lo ọ̀pọ̀ ọdún lára bàbá ẹ̀ kó tó pa á. Òjò ò ní fún ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ sá fún?"

Mo ní kí n lọ bá àwọn ará ibi iṣẹ́, bóyá a lè dá owó páànù tuntun jọ.

"Ẹ máa lọ," ó ní, "kẹ́ ẹ sì bẹ òjò kó dúró dè yín."

Mo wo ojú ọ̀run. Ó ti ṣú dùdù. Mo so síńgílẹ́ẹ̀tì mi mọ́ imú, mo gun àkàbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò ìṣó. Eruku ń dà sílẹ̀ lẹ́búlẹ́bú. Mo pariwo pé kí àwọn ọmọ kúrò nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sunkún lórí ilé yẹn bí ọmọ tí wọ́n nà.

Bí mo ṣe kan ìṣó tó gbẹ̀yìn ni òjò dé. Ìyá Mwila yọrí lẹ́nu ọ̀nà, eruku ṣì funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Bàbá Chola, kò jò o! Omi kíún ò kán síbì kankan. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín."