Eyín Sípù

"Ẹ̀jẹ̀ rèé, Bàbá Adé! Ẹ wo ara aṣọ!"

Fáníyì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ti gún ìka rẹ̀ wọlé, etí aṣọ funfun tó ń rán fún ẹgbẹ́ akọrin sì ti pọ́n. Ó wo ìka náà bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ó wí.

Mercy, ìyàwó rẹ̀, fi àkísà di ìka náà. Àyà rẹ̀ ń já, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ kíkú báyìí ló kọ́kọ́ ṣe Ọlálérè, ẹ̀gbọ́n Fáníyì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ sì ń kúrú bó bá rìn díẹ̀, títí ó fi kú. Janet, ìyàwó rẹ̀, ni ẹbí di ikú náà rù. Wọ́n ní kó búra. Janet ní Jésù sọ pé ká má ṣe búra rárá. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ìbúra. Òjò ń ṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọ̀kadà méjì ló gbé e lọ sí Emure, ìlú bàbá rẹ̀: òun lórí ọ̀kan, ẹrù lórí èkejì. Mercy ló bá a di àwọn ìkòkò. Kò gbàgbé pé ọ̀kan nínú wọn ṣì gbóná.

Ní báyìí, ó ti ń lọ sí oṣù kan tí Fáníyì kò ti jẹ oúnjẹ Mercy. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Níkẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Michael, ló fòfin dè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Michael, tí ọkọ tirẹ̀ ti kú, máa ń gbé oúnjẹ wá láti ilé rẹ̀, yóò sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Mercy á jẹ tirẹ̀ nílé ìdáná. Fáníyì kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Ó ní bí òun bá kọ̀, wọ́n á ní Mercy ló ti ká òun lọ́wọ́ kò.

Adéolúwa, ọmọ wọn obìnrin, dé láti Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ kí i lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá Michael fi wọlé, fúláàsì oúnjẹ lápá.

"Ọmọ Ìbàdàn! Ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni? Ọrùn rẹ ti rí bíi ti òròmọdìyẹ tí òjò pa."

"Iṣẹ́ ni, Ìyá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Adéolúwa kúnlẹ̀. "Ó dáa bí ẹ ṣe dé. Èsì àyẹ̀wò Bàbá ti jáde, mo fẹ́ kí gbogbo yín jọ gbọ́ ọ."

"Àyẹ̀wò wo ló ń rí ohun tó wà nínú ọbẹ̀?" Ìyá Michael kò wo Mercy bó ti ń sọ ọ́.

Mercy dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò jókòó.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀," Adéolúwa wí. "Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àṣẹ tí wọ́n bí mọ́ wa wà. Òun ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Jíìnì kì í kúrò níbi tó wà, ó máa ń ránṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tó bá rán, RNA lorúkọ rẹ̀, òun ni sẹ́ẹ̀lì máa ń tẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú jíìnì Bàbá ní àṣìṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ohun tí ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣe látara rẹ̀ kò dára. Ó ń dì sí ọwọ́, ó ń dì sí ọkàn, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àgbà ló ń bá."

"Kò sí oògùn?" Fáníyì béèrè.

Adéolúwa mú sípù kan lórí tábìlì bàbá rẹ̀, ó ṣí i. "Ẹ jẹ́ ká ní apá kan sípù yìí ni iṣẹ́ tí jíìnì rán. Sẹ́ẹ̀lì ń ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn, ara ewúrẹ́, ara eku, gbogbo ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú, lè ṣe RNA mìíràn tó jẹ́ òdìkejì àkọ́kọ́. Eyín tirẹ̀ á bọ́ sáàárín eyín ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́." Ó fa sípù náà pa dé. "Ẹ kà á wò báyìí."

Fáníyì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ kà? Ó ti pàdé."

"Sẹ́ẹ̀lì náà ò ní lè kà á. Nígbà míì, á tilẹ̀ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ara ṣe ń pa àṣẹ kan lẹ́nu mọ́ nìyẹn, láìfọwọ́ kan jíìnì fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ́ ọgbọ́n náà. Wọ́n ń ṣe òdìkejì, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un fún ẹni tó ní irú àìsàn yìí."

"Ó wà n'Íbàdàn?" Mercy béèrè.

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, Màámi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Dókítà á máa tọ́jú ọkàn wọn, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ abẹ sí ọwọ́. A ó máa wá èyí tó kù."

"Ó dáa, ẹ ti ka ìwé," Ìyá Michael wí. "Fáníyì, jẹun kó tó tutù."

Ó fi apá méjèèjì há fúláàsì mọ́ àyà, ó fẹ́ yí ìdérí rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tún gbìyànjú.

"Ta ló dé e le tó báyìí?" Fáníyì bi í.

"Ará ulé mi ló bá mi dé e."

Adéolúwa ń wo ọwọ́ náà. Ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jò. "Ìyá, ìgbà wo ni ọwọ́ yín ti ń kú?"

"Ta ló ní ó ń kú? Uṣẹ́ ló pọ̀. Uṣu gígún."

"Ṣé ó máa ń ta yín lóru, tí ẹ ó máa gbọn ọwọ́?"

Ìyá Michael gbé fúláàsì sílẹ̀. "Ṣebí ọkùnrin nìkan ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣe obìnrin náà. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan ni ẹ̀yin, Bàbá, àti ẹ̀gbọ́n Bàbá tó kú. Mi ò sọ pé òun ni o, àyẹ̀wò ló máa sọ."

Mercy gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bọ́ sí pálọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìyá Michael, ta ló ń se oúnjẹ tí ẹ̀yin ń jẹ?"

Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn fèrèsé.

"Èmi náà ni," Ìyá Michael wí. "Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Mercy. Ó ti ń tò wọ́n jọ láti ọjọ́ tí fúláàsì náà ti kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Ó mú fúláàsì, ó yí ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí i, ó gbé e kalẹ̀. Ó padà sílé ìdáná, ó bu àsáró tirẹ̀ wá. Fáníyì fa àwo àsáró náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó, kò sì dá a dúró.

"Janet," Ìyá Michael wí, "ó ṣì wà ní Emure?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń ta gààrí nítòsí káńsù," Mercy dá a lóhùn.

"Bó bá rí mi, ó lè lé mi."

"Ó lè lé yín," Mercy wí.

Ìyá Michael mi orí. "Tá a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, bá mi pe ọ̀kadà." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí itan. "Pe méjì. Mi ò lè dá kan ilẹ̀kùn yẹn."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná." Mercy gbé àwo àsáró mìíràn ka iwájú rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá Michael tó na ọwọ́ sí ṣíbí.