Ojú Ewé Kẹsàn-án

Ọgbọ̀n ọdún ni Àlàájà Bàṣírátù fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì l'Ójòó kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí irú ọ̀lẹ tí ojú rẹ̀ ò rí. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó sí gbọ̀ngàn tí àwọn aṣòfin ti wá gbọ́ tẹnu ará ìlú nítòsí Ìyànà-Ìba, ó rí i pé ọ̀lẹ tó wọ agbádá tún yàtọ̀.

Owó-orí èéfín ni wọ́n torí ẹ̀ pe ìpàdé: ẹni tó bá ń tú èéfín sójú sánmà yóò máa sanwó fún ìjọba. Aṣòfin kan ní wàhálà òyìnbó ni, kí ló kàn wá. Òmíràn bèèrè bóyá aládùúrà tó ń tan àbẹ́là náà máa san. Wọ́n fi wákàtí kan gbáko jiyàn lórí àbẹ́là. Àlàájà ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé.

Ọ̀nọ́rébù Dèjì tó gbé àbá òfin náà wá dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàájà lòun náà nígbà kan. Ó ní òfin òun kò ṣojúsàájú: oní-jẹnẹrétọ̀ kékeré máa san, ilé-iṣẹ́ ńlá náà máa san. Àwọn oní-fótókọ́pì àtàwọn aránṣọ kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé bó bá ti kárí, kò burú.

Àlàájà ti ka àbá náà tán láti àná. Ó nawọ́, wọ́n gbé máìkì fún un.

"Dèjì, ka ojú ewé kẹsàn-án fún wa."

Ọ̀nọ́rébù mú ìwé tirẹ̀. Àwọn ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń ṣí i, kò rí i. Àlàájà kà á fúnra rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ń yọ́ irin kò ní san kọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹyọ kan ló ń yọ́ irin ládùúgbò náà, lẹ́yìn Igbó-Elérin, èéfín rẹ̀ ló sì ń sọ aṣọ tí Àlàájà bá sá di dúdú. Nísàlẹ̀ ewé náà, wọ́n ti gbàgbé láti yọ orúkọ lọ́yà ilé-iṣẹ́ ọ̀hún tó kọ ọ́.

Dèjì ní àṣìṣe akọ̀wé ni.

"Ní kíláàsì kẹta, o jí ìwé Abọ́lá wò nínú ìdánwò, o da orúkọ Abọ́lá pàápàá kọ sínú ìwé tìrẹ," ni Àlàájà wí. "Mo rò pé o ti dàgbà."

Ọ̀nọ́rébù gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pe Àlàájà lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun ti yọ ojú ewé kẹsàn-án. Àlàájà tilẹ̀ súre fún un. Ìgbà tí ẹ̀dà tuntun dé ọwọ́ rẹ̀, ó kà á dópin. Lóòótọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ojú ewé kẹrìnlá ni wọ́n gbé e lọ, láìsí orúkọ lọ́yà.

Ó pòṣé. Kò pe Dèjì padà. Ó mú ìwé náà lọ bá àwọn aránṣọ àtàwọn oní-fótókọ́pì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi sọ pé àwọn ń bá a lọ sílé aṣòfin lọ́jọ́ Ajé.

Bọ́ọ̀sì méjì ló kún. Iwájú ni Àlàájà jókòó sí.