Asẹ́ Tí Kì Í Béèrè

"Ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kúrò lórí káfíńtà tó jókòó síwájú rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀kì lásán. Èmi ni mo nu pátákó."

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ parí apá òsì yìí ná," ni káfíńtà bẹ̀ ẹ́. "Ìtàn yẹn ti dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ. Mo lè kà á lójú oorun."

Kò sí ẹni tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù náà tí kò lè kà á. Nígbà tí onígbàjámọ̀ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀gá àgbà sára ògiri, láìwọ ṣòkòtò, pẹ̀lú imú tó gùn bí ọrùn ìgò. Wọ́n to gbogbo ọmọ sórí ìlà, wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ síwájú. Ọwọ́ tirẹ̀ ló funfun. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Wọ́n nà án lójú gbogbo ilé ìwé, wọ́n lé e, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ya àwòrán náà gan-an wà lórí ìlà kan náà. Ó ti fi itọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Onígbàjámọ̀ rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ funfun gbọ́? Orí-Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe ọmọ yẹn nígbà náà. Aṣòfin ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ohùn rẹ̀ ló ń jáde látinú rédíò ṣọ́ọ̀bù.

"Asẹ́ ni àbá òfin tuntun yìí," ni aṣòfin ń wí. "Bí àwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wa yóò ṣe máa sẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ìdọ̀tí yóò dúró lókè, ohun tó dára yóò kọjá. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò nílùú yìí láàárọ̀ òní. Ẹ wá sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́sàn-án, kí ẹ wá sọ èrò yín."

"Orí-Bọ́ọ̀lù!" Onígbàjámọ̀ na ẹ̀rọ ìgẹrun sí rédíò. "Ìwọ lo wá di ọlọ́pàá àwòrán?"

"Ẹ kúkú ti gbẹ̀san," ni káfíńtà wí. "Ẹ ní ẹ ò ní gẹrun fún un láyé, orí ọkùnrin náà sì pá."

"Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń bẹ. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mi ò sì ní bá a sọ̀rọ̀, àfi tó bá jẹ́wọ́."

Ó bu àtíkè sọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fi í pa ọrùn káfíńtà, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wọlé, ọmọ tuntun ń ké lápá rẹ̀. Igbe náà ti ń rẹlẹ̀, bí igbe ẹni tó ti rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ni kò ti mọ bí a ṣe ń gba ọmú sẹ́nu dáadáa. Orí ọmú ìyá rẹ̀ ti di egbò, ọmọ sì ń rù. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Agbẹ̀bí kan tó ń gbé ìlú òkèèrè ni ìyá ọmọ ń wò nínú fídíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú, ó sì ti ń yé e díẹ̀díẹ̀.

"Bàámi, wọ́n ti tì í." Ó na fóònù sí bàbá rẹ̀. "Wọ́n ní àwòrán ìhòòhò ló wà níbẹ̀."

"Ìhòòhò ta ni?"

"Ọmú ni, Bàámi! Ọmú abiyamọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń yí orí ọmọ ni gbogbo rẹ̀ bá pòórá."

Onígbàjámọ̀ wo fóònù. Ó wo ọmọ. Ó pa rédíò.

"Káfíńtà, dìde. À ń lọ sí gbọ̀ngàn."

"Apá òsì orí mi ńkọ́?"

"Kò ní sá lọ."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò ní bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ láyé?"

"Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ ni yóò sọ̀rọ̀. Èmi á kàn jókòó tì í ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí ọmú mu ná, kí ẹ wá padà sídìí ìbínú yín."

Gbọ̀ngàn kún. Aṣòfin jókòó sídìí tábìlì lórí pèpéle, orí rẹ̀ ń dán, akọ̀wé rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin náà, ó dìde tòun ti ọmọ, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọmọ mi," ni aṣòfin fèsì, "ẹ̀rọ yìí kì í ṣàṣìṣe."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Àwọn tó tà á fún wa ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà, tí ìdajì orí rẹ̀ ṣì kún fún irun, ló rẹ́rìn-ín jù.

Onígbàjámọ̀ fa aṣọ ọmọ rẹ̀. "Bi í bóyá ó ti fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Bàbá mi ní kí n bi yín bóyá ẹ ti rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, sà."

"Ṣé bàbá rẹ ò lẹ́nu ni?"

"Sọ fún un pé mo lẹ́nu," ni onígbàjámọ̀ wí. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mò ń là á fún."

Aṣòfin fi áńkáṣíìfù nu orí rẹ̀. "Ká sọ òótọ́, mi ò tíì rí i. Èmi kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní asẹ́ ni, asẹ́ sì yé mi." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ń mọ ìdọ̀tí?"

"Awọ ara ló ń wò, sà. Tí awọ bá ti pọ̀ nínú àwòrán, á tì í."

"Kì í kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, sà. Kì í béèrè."

Ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ dìde. Kò rántí fọ àtíkè kúrò lọ́wọ́ nígbà tó ń sáré jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ọmọdé lórí ìlà. Wọ́n funfun báláú.

"Kí ni bàbá yìí ń tọrọ?" ni ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

Aṣòfin ò béèrè. Ó wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ tirẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó sì rọra fà wọ́n sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ pa ẹ̀rọ náà," ló sọ fún akọ̀wé.

"Sà, ìdánwò náà ṣì..."

"Mo ní kí ẹ pa á! Mo gba àbá òfin yẹn padà. Ká tó kọ òmíràn, ká pe àwọn tí iṣẹ́ náà yé, ká pe àwọn abiyamọ náà, ká bi wọ́n."

Kò pẹ́ tí fídíò fi ṣí. Ọmọbìnrin náà lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi aṣọ bo ara, ó gbé fóònù lé orúnkún, ó yí orí ọmọ bí agbẹ̀bí ṣe ń ṣe é. Ọmọ náà ké, ó tún ké, lẹ́yìn náà igbe rẹ̀ dá. Ohun tó kù nínú gbọ̀ngàn ni ìró ọmọ tó ń mu ọmú.

Aṣòfin sọ̀ kalẹ̀ látorí pèpéle, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ wá ọmọ rẹ̀ tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀, ọmọ náà kò ráyè. Onígbàjámọ̀ ò sọ ọwọ́ kalẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú," ni aṣòfin wí, "wọ́n lé ọkùnrin yìí nílé ìwé nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ funfun. Pátákó ló nù. Èmi ni mo ya àwòrán yẹn."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo Orí-Bọ́ọ̀lù lójú, ó sì la ẹnu fún un.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Káfíńtà ò gbọ́."

Aṣòfin gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ẹnu. "Èmi ni," ló tún wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé. "Èmi ni mo yà á."