Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Oyún Kò Tíì Dúró

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Olúsọjí, bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Oyèlékè kò jókòó sídìí òfì mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Olúsọjí ti Kàdúná wálé ní ọjọ́ tó ṣíwájú Ọdún Àjíǹde, ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Mọ́ládé ìyàwó rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e padà sì dojú dé lẹ́bàá Jẹ́bà. Nígbà tí Mọ́ládé kúnlẹ̀ tó ní òun ti lóyún, ọ̀la ọjọ́ náà gan-an ni bàbá gbọn eruku kúrò lára òfì.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún, Mọ́ládé ti ọsibítù dé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Bàbá, dókítà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni n ó bí. Ó ní oyún pé ogún ọ̀sẹ̀ lónìí.”

Jẹ́ẹ́dé, àbúrò Oyèlékè, ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Nígbà tí Mọ́ládé wọlé tán, ó fi ìka ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ogún ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, Kàdúná ni Olúsọjí wà. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé.”

“Jẹ iṣu rẹ.”

“Mò ń jẹ ẹ́. Iṣu ò ní kí n má mọ ìṣirò.”

Oyèlékè náà kà á. Ó tún un kà, ibì kan náà ló ń já sí. Bí oyún yìí kì í bá ṣe ti Olúsọjí, a jẹ́ pé Olúsọjí ti lọ tán nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé fìlà. “Mọ́ládé, múra. À ń lọ rí dókítà.”

Mọ́ládé wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. “Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá. Níṣojú mi ni kí ẹ ti bi í.”

Dókítà Gbádébọ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, kò sẹ́ni tó máa ń rí ọjọ́ tí oyún dúró. Èyí tí obìnrin lè rántí ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn.”

Oyèlékè gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni ń wá ibi tó ń jò.

“Ọjọ́ yẹn la ti ń kà. A ó ka oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ méje sí i, ó di ọjọ́ ìbímọ.”

“Lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, oyún ti wà níbẹ̀?”

“Rárá o. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kó tó dúró. A kàn ń kà á mọ́ ọn ni.”

Oyèlékè gbójú kúrò lára àjà. “Ẹ tún un wí.”

Dókítà tún un wí.

“Bí àwa náà ṣe ń ka iṣẹ́ nìyẹn,” ni Oyèlékè wí. “Ọjọ́ tí mo bá na òwú sílẹ̀ ni mo ti ń ka aṣọ. N ò sì tíì hun nǹkan kan.”

“Ohun kan náà ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ọjọ́ ìbímọ náà gan-an ni dandan. Ó lè yá, ó lè pẹ́ díẹ̀.”

“Kó ṣáà dé.”

Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀.

“Bàbá, ẹ rọra rìn. Èmi ni mo lóyún.”

Ó dúró dè é. Kò mọ bí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ olówùú, ó ní, “Mú àwọ̀ tó bá wù ọ́. Ọ̀já ọmọ ni.” Mọ́ládé wò ó títí, ó sì mú pupa, àwọ̀ tí Olúsọjí fẹ́ràn.

Jẹ́ẹ́dé ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. “Ẹ̀gbọ́n, kí ni dókítà wí?”

“Ó ní kí o padà lọ kọ́ ìṣirò.”

Oyèlékè so òwú náà mọ́ igi lágbàlá, ó sì na ìkángun kejì sí àbúrò rẹ̀.

“Dì í mú. Fà á kó le. Òní la ó ti máa kà á.”