Aṣọ Iléèwé Tó Fún Pinpin

Dírẹ́bà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ló mú ọmọ méjì wá, ẹ̀gbọ́n obìnrin àti àbúrò rẹ̀. Ó ní iléèwé ló ní kí àwọn ọmọ wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi, pé télọ̀ tó ń rán an tẹ́lẹ̀ ti kó lọ. Mo ń wá tépù káàkiri, tépù sì rèé lọ́rùn mi. Dírẹ́bà wá ní, “Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣe tiwọn, ọmọ dókítà eléyín ni wọ́n o.”

Mo tún ojú wọn wò dáadáa, mo dá wọn mọ̀. Èmi ni mo bí dókítà eléyín.

Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé nígbà tí mo fojú kàn án kẹ́yìn. Ibà mú un nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, ó gbóná janjan, díẹ̀ ló kù kí ọmọ bọ́. Ara rẹ̀ yá, àmọ́ wòlíì kan, oníyẹ̀yẹ́ tí kò rí ihò imú ara rẹ̀, sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé ọwọ́ mi ni àìsàn náà ti wá. Èmi, àjẹ́! Èmi tí mi ò lè pa eku inú ìsọ̀ mi! Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ gbà á gbọ́, ó ní kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo rán ẹbí sí i, ó kọ̀ jálẹ̀. Ojú tì mí, mo kó ìsọ̀ mi wá sí ìkángun ìlú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí.

Mo wọn èjìká ẹ̀gbọ́n. Mo tún un wọ̀n.

“Ìyá télọ̀, ẹ ti wọn ibẹ̀ yẹn,” ọmọdébìnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

“Ogbó ti dé, ọmọ mi.”

Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ lára rẹ̀ ni. Àbúrò ò dúró sójú kan ní tiẹ̀, tí tépù bá ti kàn án lábíyá, á bú sẹ́rìn-ín kèékèé. Iwájú orí ọkọ mi tó ti kú ló wà lórí rẹ̀ yẹn. Mo wá bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ní ìyá àgbà?”

“Wọ́n ti kú,” ẹ̀gbọ́n ní. “Dádì ló sọ fún wa.”

Mo kọjú sí ògiri, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀kì. Bí mo bá ní èmi rèé, dírẹ́bà elẹ́nu yìí á délé rò ó, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni ọgbọ́n burúkú kan sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa tó ń rán aṣọ iléèwé la máa ń ṣẹ́ aṣọ púpọ̀ sínú, kí a lè tú u bí ọmọ bá ń dàgbà. Èmi gé gbogbo rẹ̀ dànù. Mo rán an kó fún pinpin, kó má sì sí télọ̀ kankan tó lè tú u. Dandan ni kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà wá wọ̀n. Orin ni mo ń kọ lórí máṣíìnì lọ́jọ́ náà, ẹ wo àgbà òpè!

Dírẹ́bà gba aṣọ lọ. Mo ra bisikíìtì pamọ́, mo ń wo títì.

Nígbà tí mọ́tò wọn padà dé, mo sáré dìde. Ọmọ mi ló wọlé, aṣọ lọ́wọ́, ariwo lẹ́nu: “Irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe yìí…” Ó rí mi. Ó fà sẹ́yìn.

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí. “Mo kàn fẹ́ máa rí wọn ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

Ó yí inú aṣọ síta, ó wo etí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ló dàgbà sí, kò sí ohun tí mo lè fi pamọ́ fún un nídìí aṣọ rírán. “Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni,” ó ní. “Ẹ ti fọwọ́ kàn wọ́n.”

Mo wo ojú rẹ̀. Ká ní ó ń bínú ni, mo lè bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

Mo tẹ̀lé e jáde. Àbúrò yọrí lójú fèrèsé mọ́tò, ó ń juwọ́ sí mi, “Ìyá télọ̀!”

“Dádì, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?” ẹ̀gbọ́n bi í.

“Rárá,” ọmọ mi ní. “Tí a bá ti délé, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ wẹ̀.”

Ó wá gbé gíláàsì fèrèsé mọ́tò sókè.