Ọmọ Ẹṣin Tó Kánjú Wá Sáyé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Isham purọ́, ẹ ò sí níbẹ̀. Mo purọ́ lóòótọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ irú irọ́ tí mo pa.

Virginia la wà nígbà náà, ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jó ilé ìjọba ní Washington. Ẹrú Ọ̀gá Thornley ni mí, ẹṣin ni mo ń tọ́jú. Ọ̀gá yìí mọ bàbá ẹṣin, ó mọ bàbá bàbá ẹṣin, títí dórí èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun. Orúkọ ìyá tó bí èmi, kò mọ̀ ọ́n.

Òfin eré ẹṣin wa ni pé ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni gbogbo ẹṣin ń pé ọdún. Gbogbo wọn o! Èyí tí wọ́n bí lánàá, tílẹ̀ ọjọ́ yẹn bá mọ́ bá a láyé, ọmọ ọdún kan ni. Tó bá wá dàgbà tó ń sáré, àwọn tó fi ọdún kan jù ú lọ ni wọ́n máa kó o pọ̀ mọ́, ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n fún àgbà ẹṣin ni wọ́n sì máa dì lé e lẹ́yìn. Kò sí ẹlẹ́ṣin tó fẹ́ kí ẹṣin òun bímọ níparí oṣù Kẹrin.

Abo ẹṣin pupa wa lóyún, ọmú rẹ̀ ti ń ro. Ọ̀gá ń lọ sí Petersburg. Ó ti gun ẹṣin tán kó tó yíjú sí mi.

"Isham, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹṣin yìí bímọ kó tó di oṣù Karùn-ún."

"Ọ̀gá, ẹṣin kì í ka oṣù."

"Ìwọ ń kà á. Ọkùnrin kan láti Georgia ń wá obìnrin tó mọ aṣọ rán. Ìyàwó rẹ Sukey mọ̀ ọ́n rán dáadáa, àbí?"

Ó lọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, bílẹ̀ ṣe ń mọ́, ẹṣin bímọ. Abo ni, ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Sukey dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. "Ta ló ní kó máa kánjú?"

"Bi ìyá rẹ̀."

"Bàbá ẹlẹ́ṣin, má bá mi ṣàwàdà! Èmi ni wọ́n máa gbé lọ o."

A mú ìyá àtọmọ lọ sí ahéré tí wọ́n ti ń sá tábà, tó wà nídìí igbó. Lọ́jọ́ kejì ni Gilliam, òyìnbó alágbẹ̀dẹ, wá kan bàtà irin fún àwọn ẹṣin oko. Ó gbọ́ igbe ọmọ ẹṣin, ó yọjú.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ẹṣin oko ni, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Kò ní lè fa ìdì tábà kan dọ́jà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ǹ bá dákẹ́! Ṣùgbọ́n kí èèyàn bú ẹṣin tí mo fọwọ́ mi gbẹ̀bí rẹ̀? "Ẹsẹ̀ ta ló rí wọ́gọwọ̀gọ? Ẹ wo èjìká rẹ̀, sà!" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran rẹ̀ nìyẹn, bàbá, bàbá bàbá, ìyá ìyá, bí ẹni ń ki oríkì ọba. Gilliam rẹ́rìn-ín, ó kó òòlù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá dé, mo ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún la bí i. Ó wo ìdodo ọmọ náà tó ti gbẹ kọjá ọjọ́ tí mo sọ, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe wí.

Cherry ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ìwé, a mú un lọ sí pápá eré. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sáré, ẹ̀ẹ̀mejì ló borí ẹṣin Ọ̀gá Halsted tó ń bá Thornley díje. Omi ń dà lójú mi. Ibẹ̀ ni Halsted ti mú Gilliam gòkè tọ àwọn onídàájọ́ lọ.

"Mo rí ẹṣin yìí lọ́mọ tuntun kí oṣù Kẹrin tó parí," Gilliam wí. "Ọjọ́ kejì rẹ̀ la sin ìyá mi, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Ẹni dúdú yẹn ló fẹnu ara ẹ̀ ka ìran rẹ̀ fún mi."

Ojú Thornley pọ́n. Ó wá gbá mi léjìká mú bí ẹni fẹ́ lù mí, ó sọ sí mi létí pé, "Gbà á sórí ara rẹ, Sukey ò ní kúrò nílé." Ó wá pariwo: "Isham! Ṣé mo rán ọ níṣẹ́ irọ́?"

Nílẹ̀ wa, ẹnu ẹni dúdú ò tó láti ta ko òyìnbó. Ṣùgbọ́n tó bá fi ta ko ara rẹ̀, kíá ni wọ́n ń gbà á.

"Rárá, sà. Èmi nìkan ni mo dá a ṣe."

"Ẹ wo ọ̀jọ̀gbọ́n!" ẹnì kan kígbe. "Ó fẹ́ sọ ẹṣin di ọmọdé!" Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún Halsted. Thornley so mí mọ́ òpó tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́, ó nà mí lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè rí i pé ọmọlúàbí lòun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tà mí fáwọn tó ń kó ẹrú lọ sí Natchez, ní gúúsù lọ́hùn-ún. Sukey sáré dé ojú ọ̀nà.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní èmi ni. Ó ṣèlérí pé o ò ní lọ síbì kan."

"Òmùgọ̀! Ta ló bẹ̀ ọ́? Kí wọ́n tà wá papọ̀ ò sàn ju èyí lọ?" Ó di ẹ̀wù mi mú, àfìgbà tí wọ́n fi ẹgba na ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, olùtọ́jú ẹṣin kan kó ẹṣin láti Virginia dé Natchez. Mo bi í nípa Sukey.

"Aránṣọ yẹn? Wọ́n tà á sí Georgia kí òtútù ọdún tí wọ́n tà ọ́ yẹn tó lọ."

"Thornley ló tà á?"

"Ta ni ìbá tún tà á? Cherry nìkan ni kò jẹ́ tà. Ó ti bímọ mẹ́rin fún un. Ó ní láéláé, kò sẹ́ni tó máa ya àwọn ọmọ náà lára ìyá wọn kí wọ́n tó gbó."

Georgia tóbi. Gbogbo ẹni tó bá tibẹ̀ wá ni mò ń bi léèrè. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.